Spaniel Kì Í Ṣe Ajá Orí Àga: Ajá Ọdẹ Ni

Ojú spaniel ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ojú náà rọ̀, etí gùn wálẹ̀, irun sì ń dán. Ẹni tó bá rí àwòrán rẹ̀ á ní ajá tí èèyàn ń gbé sórí itan láti àárọ̀ dalẹ́ nìyí, ajá pẹ̀lẹ́ tí kò ní da ilé rú. Ìyà tí èrò yìí ń fi jẹ cocker àti springer, ẹ̀yà spaniel méjì, ní Ìlú Ọba kò kéré. Bí ajá bá fa àga ya, tàbí tó gbó láìsinmi, olówó rẹ̀ á ní orí rẹ̀ ti dàrú, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ni kò rí ṣe.

Kí àwọn ọdẹ tó máa lo ìbọn ni spaniel ti ń lé ẹyẹ jáde fún àwọn tó ń fi àwọ̀n àti àṣá dẹ. Nígbà kan, inú ìyá kan náà ni wọ́n ti ń rí cocker àti springer, ìwọ̀n ara ló ń yà wọ́n, títí Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ẹ̀yà ajá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, fi ka springer sí ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ní 1902. Lónìí, akọ cocker ga tó 39 sí 41 sẹ̀ǹtímítà, springer sì tó 51.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Iwájú ọdẹ ló ń wà, á yà sósì, á yà sọ́tùn-ún, imú nílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jìnnà kọjá ibi tí ọta ìbọn lè dé. Bí ẹyẹ bá fò dìde, á jókòó lójú kan náà títí ìbọn á fi dún, títí wọ́n á fi ní kó lọ gbé e. Á wá fi ẹnu rọra gbé e wá láìfi eyín ba ẹran jẹ́. Irú imú yìí ni Buster, springer kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìlú Ọba, fi rí ohun ìjà tí wọ́n kó pamọ́ ní Safwan, ní Iraq, tó fi gba Dickin Medal, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ẹranko tó ṣe akin lójú ogun, ní 2003. Ẹ̀jẹ̀ irú ajá bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ń tì mọ́ pálọ̀.

Ọ̀pọ̀ á ní àwọn ń ju bọ́ọ̀lù fún un. Bọ́ọ̀lù àjùtúnjù ń mú kí ẹsẹ̀ le sí i ni, kì í rẹ imú. Yàtọ̀ sí rírìn wákàtí kan ó kéré tán fún cocker, bíi méjì fún springer tó ti dàgbà, ẹ mú díẹ̀ nínú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ẹ fọ́n ọn sínú koríko, níbi tí kò fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ. Kó jókòó ná, kẹ́ ẹ tó ní kó lọ wá a. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Tẹ́ ẹ bá ju nǹkan, ẹ máa lọ gbé òmíràn fúnra yín, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá já bọ́ lòun á sá tẹ̀ lé. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ: láti kékeré ni kẹ́ ẹ ti máa fọn fèrè nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un, nítorí bí òórùn ẹran bá ti gbà á lọ́kàn, pípè lásán kò ní wọ etí rẹ̀.

Cavalier King Charles, spaniel kékeré kan, yàtọ̀. Orí itan ni wọ́n sìn ín fún. Àìsàn ọkàn ni kí ẹni tó fẹ́ rà á wádìí lára ìyá àti bàbá rẹ̀.

Àwọn kan tún ní cocker aláwọ̀ wúrà máa ń ya wèrè. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lọ́wọ́ àwọn olówó ajá fi hàn pé cocker aláwọ̀ kan ṣoṣo, bíi ti wúrà, máa ń kanra ju èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà pọ̀ lọ, àmọ́ ìbínú òjijì tí kò nídìí ṣọ̀wọ́n gan-an. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, àwa èèyàn la ń kọ́ ọ. Ajá tí wọ́n bí láti máa gbé nǹkan gbé ìbọ̀sẹ̀, wọ́n lé e, wọ́n fipá ya ẹnu rẹ̀, wọ́n gbà á. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, á gbé e mì, tàbí kó bu ọwọ́ jẹ. Ẹran díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀. Bó bá ti jù ú sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ yìn ín.

Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ kan orí rẹ̀ ló ń bu èèyàn jẹ, ẹ kọ́kọ́ wo etí. Etí tó bo ara rẹ̀ kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, omi ń dúró síbẹ̀, ó ń rà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn Ìlú Ọba, èso koríko tó ní ẹnu ṣóńṣó máa ń wọ inú rẹ̀ lọ. Bó bá ń gbọn orí, tó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí etí ń rùn, ẹ má da òróró sí i, ẹ má sì ki òwú bọ̀ ọ́, torí ìlù etí lè ti lu. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Kó tó di bẹ́ẹ̀, ẹ máa yẹ etí méjèèjì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa gé irun abẹ́ wọn mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì nù wọ́n gbẹ nígbàkígbà tó bá ti inú omi jáde.