Ta Ló Sọ fún Áàpù Pé Ọjà Ń Tà Níbẹ̀? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Elite Dangerous

Elite Dangerous, géèmù kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ojú òfuurufú tí wọ́n sì ń fi ṣòwò, kì í fa ẹni tuntun lọ́wọ́. Ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Sidewinder ni wọ́n máa fi lé ọ lọ́wọ́ pẹ̀lú 1,000 kírẹ́díìtì, ìyẹn owó inú géèmù, ó wá di kó o wábi gbà. Odindi ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí ayé wa yìí wà nínú rẹ̀ ni Frontier Developments, ilé iṣẹ́ kan ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó sínú géèmù náà nígbà tí wọ́n gbé e jáde lóṣù December 2014. Nǹkan bí 400 bílíọ̀nù àdúgbò ìràwọ̀ ló wà níbẹ̀. Elite àkọ́kọ́, èyí tí David Braben àti Ian Bell kọ fún kọ̀ǹpútà BBC Micro ní 1984, kò ní ju ìṣùpọ̀ mẹ́jọ lọ, ayé 256 ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Síbẹ̀, wọlé sáàárín àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀, wàá gbọ́ tí wọ́n ń sọ iye tí wúrà ń lọ níbi tí ẹsẹ̀ wọn ò tẹ̀ rí. Wọn ò lálàá o. Áàpù ni wọ́n ń wò. Ìbéèrè tí àwọn ẹni tuntun sábà máa ń béèrè nípa àwọn áàpù náà ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Kí ló dé tí géèmù náà fúnra rẹ̀ kì í sọ ibi tí èrè wà fún mi?

Ó ń sọ díẹ̀. Gúnlẹ̀ síbùdó kan, ṣí ojú ewé ọjà rẹ̀, wàá rí ohun tí wọ́n ń tà, èyí tí wọ́n ń rà, bó ṣe pọ̀ tó nílẹ̀, àti iye tó ń lọ ní ìpíndọ́gba káàkiri. Ibi tó ò tíì dé ni wàhálà wà. Àwọn tó ṣe géèmù náà fẹ́ kó o máa wá ọjà kiri fúnra rẹ.

Kódà láìsí áàpù kankan, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ládùúgbò kan máa ń fi ohun tí wọ́n nílò hàn. Ibi tí wọ́n ti ń dáko máa ń ta oúnjẹ, wọ́n sì máa ń wá ẹ̀rọ tí wọ́n á fi dáko. Ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà máa ń ta òkúta tí wọn ò tíì yọ́. Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ ló ń rà á, àwọn náà á wá ta irin fún àdúgbò tó ní ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ẹni tuntun kọ́kọ́ fi ìmọ̀ yìí nìkan ṣòwò díẹ̀ ná. Ẹni tí ò mọ ìdí tí ọjà fi ń tà, áàpù á kàn máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún ni.

Áàpù ò sí nínú géèmù. Báwo ló ṣe wá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?

Géèmù náà ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tó o bá ń gbá a, ó ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Journal sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Lọ sínú fódà Saved Games, ṣí Frontier Developments, lẹ́yìn náà Elite Dangerous, wàá bá àwọn fáìlì náà níbẹ̀. Notepad lásán lè ṣí wọn. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun kan tó o ṣe. Bó o bá gúnlẹ̀ síbùdó kan, ohun tó máa kọ rí báyìí (mo ti gé e kúrú):

{ "event":"Docked", "StationName":"Jameson Memorial", "StarSystem":"Shinrarta Dezhra" }

Bó o bá fò láti ìràwọ̀ kan sí òmíràn, ìlà mìíràn á wọlé tó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, iye epo tó jó àti iye tó kù. Bó o bá sì ṣí ojú ewé ọjà, géèmù náà á tún fáìlì kan tó ń jẹ́ Market.json kọ: gbogbo ọjà tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀, pátá porogodo.

Ibẹ̀ ni àfikún tí wọ́n ń pè ní EDMC (Elite Dangerous Market Connector) ti gba iṣẹ́. Fèrèsé kékeré kan ni: orúkọ rẹ, ọkọ̀ rẹ, àdúgbò tó o wà àti ibùdó tó o gúnlẹ̀ sí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe ń ka àkọsílẹ̀ rẹ ló ń fi iye ọjà ránṣẹ́ sí EDDN (Elite Dangerous Data Network). EDDN kì í tọ́jú nǹkan kan, ńṣe ló ń gbà lọ́wọ́ ọ̀tún fi fún ọwọ́ òsì. Àwọn ìkànnì bíi Inara àti Spansh ń tẹ́tí sí i, wọ́n ń kó ohun tí wọ́n gbọ́ jọ, wọ́n sì ń tò ó kí ìwọ lè rí i.

Nítorí náà, nígbà tí Inara bá sọ fún ọ pé ibùdó kan ń ra wúrà lówó gọbọi, kò sí àṣírí kankan tó já. Ẹnìkan tó ń gbá géèmù bíi tìrẹ ló gúnlẹ̀ síbẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló sì ròyìn. Bí ìgbà tí alájàpá kan bá pe ẹnìkejì rẹ̀ lórí fóònù láti sọ iye tí ọjà ń lọ ni. Tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òun ló máa ṣàlàyé ọ̀pọ̀ ohun tó máa bí ọ nínú lẹ́yìn ọ̀la.

Ṣé òjóró kọ́ nìyẹn? Wọn ò ní tì mí síta?

Kì í ṣe òjóró. Frontier fúnra wọn ló ń kọ Journal sílẹ̀, àwọn náà ló sì gbé àlàyé bí wọ́n ṣe ń kà á síta fáwọn tó ń kọ áàpù. Ohun tó lè kó ọ sí yọ́ọ́yọ́ọ́ ni ètò tó bá ń wa ọkọ̀ fún ọ nígbà tó o sùn, tàbí èyí tó bá ń tọwọ́ bọ inú géèmù láti yí nǹkan padà. Kíka àkọsílẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn.

Gbogbo géèmù òwò ojú òfuurufú kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ ṣá o. Nínú X4: Foundations, tí Egosoft ti Jámánì gbé jáde ní 2018, inú géèmù gan-an ni àfikún ń wọ̀; fódà kan tó ń jẹ́ extensions ni wọ́n ń kó wọn sí, géèmù á sì sàmì sí ibi tó o bá iṣẹ́ dé pé ọwọ́ ti kàn án. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá sí Elite máa ń wá fódà àfikún kiri títí. Kò sí.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?

Inara. Kò sí ohun tó o máa fi sórí kọ̀ǹpútà. Orí fóònù gan-an o lè wò ó. Sọ àdúgbò tó o wà fún un, iye tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ rẹ lè kó, àti bó ṣe lè fò jìnnà tó, yóò to ọ̀nà tí èrè wà sílẹ̀ fún ọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó bá wà lókè pátápátá kì í sábà jẹ́ ti ẹni tuntun. Tọ́ọ̀nù mẹ́rin ni Sidewinder tí wọ́n fún ọ ń kó. Owó ọwọ́ rẹ, 1,000 kírẹ́díìtì, kò ra tọ́ọ̀nù wúrà kan. Ọjà olówó pọ́ọ́kú ni kó o wò ná, àti iṣẹ́ ìjíṣẹ́ tí wọ́n ń pín níbùdó, nítorí ìyẹn kì í béèrè owó lọ́wọ́ ẹ.

EDMC ló kàn, tí o bá fẹ́ kí ohun tí ìwọ náà rí ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì tẹ́ gbogbo kóòdù rẹ̀ síta fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó o bá ti ń ronú ọkọ̀ tuntun, EDSY tàbí Coriolis á jẹ́ kó o to ọkọ̀ náà pọ̀ lórí ìkànnì kó o tó náwó: ẹ̀rọ wo, àpótí ẹrù mélòó, á fò dé ibo. Ó tún ń fi iye tí wàá san hàn bí ọkọ̀ bá fọ́, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀. Ẹni tó bá fi gbogbo owó rẹ̀ ra ẹrù láìṣẹ́ iye yẹn kù, tí àwọn olè ojú òfuurufú sì dá a lọ́nà, orí Sidewinder ló ń padà sí.

Àwọn yòókù, títí kan èyí tó ń sọ̀rọ̀ sí ọ létí àti èyí tó ń gbọ́ àṣẹ lẹ́nu rẹ, dùn ún lò. Wọn kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀.

Inara ní èrè 20,000 ló wà lórí tọ́ọ̀nù kan. Mo débẹ̀, kò sóhun tó jọ ọ́. Ta ló parọ́?

Kò sẹ́ni tó parọ́. Rántí pé ẹnìkan ló gúnlẹ̀ síbẹ̀ tó ròyìn. Bí ẹlòmíì ò bá tíì débẹ̀ láti ìjẹta, iye ìjẹta lò ń wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kọ̀ọ̀kan ni Inara ti kọ bó ṣe pẹ́ tó, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ojú rẹ kọ́kọ́ lọ kó tó dé orí èrè. Ibi tí èrè bá ti pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ló ń wò ó pẹ̀lú rẹ. Bí wọ́n bá kó ẹrù débẹ̀ ṣáájú, ohun tí ibùdó náà ń fẹ́ á dín kù, iye á sì já wálẹ̀. Wo iye tọ́ọ̀nù tó wà nílẹ̀ níbi tó o ti fẹ́ rà náà. Èrè ńlá lórí ọjà tó ti tán nílẹ̀, asán ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni àwọn ọkọ̀ arù-ọkọ̀, Fleet Carrier, tó wọ géèmù náà ní 2020. Èèyàn bíi tìrẹ ló ni wọ́n, òun ló ń fi iye sórí ọjà, ó sì lè gbé ọkọ̀ náà fò lọ síbòmíràn nígbà tó bá wù ú. O lè débẹ̀ kó o bá òfìfo. Ibi tí Inara ti ń bi ọ́ bóyá kó fi wọ́n kún un, sọ pé rárá, títí ojú rẹ á fi là.

Kí ni Ls tí wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ibùdó?

Bó ṣe jìnnà sí ìràwọ̀ tí wàá bọ́ sí ni. Ls kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi 300,000 kìlómítà. Láti orí ilẹ̀ ayé wa dé ọ̀dọ̀ oòrùn, nǹkan bí 500 Ls ni. Ibùdó tó bá wà ní 500 Ls, kò pẹ́ tí wàá fi débẹ̀.

Ibùdó kan wà ní Alpha Centauri, Hutton Orbital lórúkọ rẹ̀, tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà Ls sí ìràwọ̀ rẹ̀. Wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lo máa fi jókòó wo ojú kọ̀ǹpútà kó o tó débẹ̀, àfi bó o bá ní SCO, ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ sáré gan-an, tó jáde ní 2024. Àwọn àgbà inú géèmù yìí ní ẹ̀fẹ̀ kan tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tuntun: wọ́n á ní kó lọ sí Hutton Orbital, wọ́n ń pín ọkọ̀ ńlá Anaconda lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Kò sí Anaconda kankan níbẹ̀. Ohun tó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé Anaconda ò lè gúnlẹ̀ síbẹ̀! Ojú ìgúnlẹ̀ oríṣi mẹ́ta ló wà, kékeré, àárín àti ńlá, ọkọ̀ ńlá sì ni Anaconda. Ti kékeré àti ti àárín nìkan ni Hutton Orbital ní.

Ẹ̀fẹ̀ yẹn ti kọ́ ọ ní nǹkan méjì tó yẹ kó o máa sọ fún Inara kó tó wá ọ̀nà fún ọ: irú ojú ìgúnlẹ̀ tí ọkọ̀ rẹ ń fẹ́, àti Ls tó pọ̀ jù tó o lè fara dà. Fún ẹni tuntun, 1,000 Ls ti tó.

Bí epo bá tán sí mi lójú ọ̀nà ńkọ́?

Ìràwọ̀ ni wọ́n ti ń fa epo, tí ọkọ̀ rẹ bá ní ẹ̀rọ ìfapo. Kì í ṣe gbogbo ìràwọ̀: oríṣi O, B, A, F, G, K àti M nìkan ló lépo, àwòrán ìràwọ̀ inú géèmù sì lè yọ àwọn tí kò ní kúrò lójú rẹ. Bó bá tán pátápátá, Fuel Rats wà. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ni wọ́n, láti 2015 ni wọ́n sì ti ń gbé epo lọ bá ẹni tó há, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Kàn sí wọn kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán tibí wò dán tọ̀hún wò, nítorí nígbà tí afẹ́fẹ́ rẹ bá ti ń tán lọ, gbogbo ìṣẹ́jú ló ṣe pàtàkì.

PlayStation tàbí Xbox ni mò ń lò.

Oṣù March 2022 ni Frontier ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí wọn, láti November ọdún yẹn sì ni wọ́n ti ya ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ti kọ̀ǹpútà. Iye tí Inara ń kọ báyìí kì í ṣe ti ọjà tìrẹ.

Fídíò kan ní kí n lọ sí ìkànnì EDDB, mi ò rí i.

Ó ti kógbá sílé ní 2023. Olùyọ̀ǹda ara-ẹni ló pọ̀ jù nídìí àwọn áàpù wọ̀nyí. Bó bá sú wọn, wọ́n á tì í. Lo Inara tàbí Spansh.

Ṣé dandan ni kí n máa fi ìròyìn tèmi ránṣẹ́? Kí ni wọ́n ń rí nípa mi?

Kì í ṣe dandan. Ibi ètò EDMC ni wàá ti rí àpótí kékeré tó ń béèrè bóyá kó fi ọ̀rọ̀ ibùdó ránṣẹ́ sí EDDN. Yọ àmì kúrò níbẹ̀, ó parí. Iye ọjà ló ń lọ síbẹ̀, EDDN kì í polongo orúkọ rẹ fáwọn tó ń gbọ́. Ti Inara yàtọ̀: bó o bá fẹ́ kó máa tọ́jú ìrìn àjò rẹ àti owó rẹ, ó máa fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ kan tí wàá kọ sínú EDMC. Má ṣe jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ yẹn wà nínú àwòrán tó o bá ń fi han àwọn èèyàn.

Bó o bá fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, nígbàkigbà tó o bá gúnlẹ̀ síbi tí iye rẹ̀ ti pẹ́ lórí Inara, ṣí ojú ewé ọjà ibẹ̀ kó o tó gbéra, kódà bó ò bá ní ra nǹkan kan.