Kò sí èéfín nínú yàrá, kí ló wá ń pa èèyàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé tí à ń gbé ní Adéwọlé, Ìlọrin, ní aláàmù èéfín lórí àjà. Bí òjò bá ń rọ̀, tí NEPA sì mú iná lọ, ọkọ mi á gbé jẹnẹrétọ̀ wọ kọ́rídọ̀. Ó ní bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́, aláàmù á ké. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Èéfín ni aláàmù yẹn mọ̀. Èyí tó ń pa èèyàn nídìí jẹnẹrétọ̀ ni gáàsì tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide (CO). Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ń ta lójú. Bí ẹ bá fà á símú, ó ń rọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹ fi wé èrò tó gun ọ̀kadà tó kọ̀ tí kò sọ̀. Ọ́síjìn wà lẹ́bàá títì, ó ń nawọ́, ọ̀kadà ò lè gbé e. Ẹni tó bá sùn sínú gáàsì yìí lè má jí mọ́.

Bí gáàsì náà bá ti ń wọ ara, orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, ara á wá rọ jọwọrọ. Àwa tí a sábà máa ń pe gbogbo àìsàn ní ibà, ibi tó ti ń mú wa nìyẹn. Bó bá ń ṣe gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara sì ń fúyẹ́ bí ẹ bá bọ́ síta, kì í ṣe ibà. Ẹ kó ara yín jáde, ẹ pe 112, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Ìbéèrè: Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn kọ́rídọ̀ sílẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Kò tó. Ìta gbangba ni ààyè jẹnẹrétọ̀, ó kéré tán mítà 6 sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹnu ibi tí èéfín ti ń jáde má sì kọjú sílé. Bí òjò ò bá jẹ́ kó ṣeé ṣe, ẹ pa á. Mo mọ̀ pé ẹja inú fíríìjì lè bàjẹ́, kó bàjẹ́.

Eédú náà ńkọ́? Lásìkò ọyẹ́, àwọn kan ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán máa ń gbé sítóòfù eédú wọ yàrá kí ara lè móoru. Wọ́n á ní ó ti pọ́n, kò rú èéfín mọ́. Eédú tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ yẹn ṣì ń tú gáàsì yìí jáde.

Ìbéèrè: Aláàmù wo wá ni ká rà, ìgbà wo la sì ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìdáhùn: Èyí tí wọ́n kọ CO sí lára, tó ń lo bátìrì. Aláàmù gáàsì ìdáná kì í ṣe òun o. Bí sílíńdà bá ń jò nìyẹn ń ké.

Ẹ máa tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dán an wò lóṣooṣù. Bí ọyẹ́ bá ń parí lọ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu ihò ara aláàmù méjèèjì, torí eruku ọyẹ́ ń mú ti èéfín ké lásán. Ẹ má fi omi kàn án. Bó bá ń ké ṣín-ín lẹ́ẹ̀kan ní bí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló ń kú lọ. Púpọ̀ nínú wọn ń ké ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra fún èéfín, ẹ̀ẹ̀mẹrin fún CO.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kí ẹ tó sanwó. Ti èéfín kì í kọjá ọdún 10 láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ti CO sábà máa ń wà láàárín ọdún 5 sí 10.