Ibi tí àwòrán 'Ọmọ Aláìsàn' ti ṣẹ̀

Orí ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú àwòrán 'Ọmọ Aláìsàn' yìí, ó gbé e ti ìrọ̀rí, kò sí ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Edvard Munch, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, ló tẹ̀ ẹ́ ní Paris lọ́dún 1896, nílé ìtẹ̀wé Auguste Clot. Ọ̀kan ni lára iṣẹ́ àwọn Symbolist, àwọn ayàwòrán tí ń fi ohun tí ojú rí ṣe àmì ohun tó wà lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ orísun rẹ̀, ilé dókítà ológun kan ní Kristiania, tó ti di Oslo lónìí, ni kó lọ.

Christian Munch ni dókítà náà. Lọ́dún 1868, ikọ́ ife pa Laura ìyàwó rẹ̀, ó fi ọmọ márùn-ún sílẹ̀. Edvard jẹ́ ọmọ ọdún 5. Karen Bjølstad, àbúrò olóògbé, ló wá tọ́ àwọn ọmọ. Lọ́dún 1877, ikọ́ kan náà tún mú Sophie, ẹ̀gbọ́n Edvard, lọ lẹ́ni ọdún 15. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ọdún 1882 ni Robert Koch ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kòkòrò tó ń fa àrùn náà, nítorí náà dókítà tó bí ọmọ yìí kò ní ju àdúrà lọ. Mo gbà pé ohun tó wọ Edvard lára jù nìyẹn: baba tí ń wo ọmọ ọlọ́mọ sàn, tí kò rí ti tirẹ̀ ṣe. Bóyá ìdí nìyí tí kò fi sí ọkùnrin kankan nínú àwòrán náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Munch kò sì jẹ́ kí àga onípankẹ́rẹ́ tí Sophie kú sí sọnù.

Àwọn kan ní Christian Krohg, ọ̀gá rẹ̀, ló wò ṣe, torí òun náà ti ya ọmọ aláìsàn ní 1881. Èmi kò gbà. Ọmọ ti Krohg kọjú sí wa gangan. Ti Munch ti gbójú kúrò lára wa. Munch fúnra rẹ̀ sọ pé nínú àwọn tó ya aláìsàn láyé ìgbà yẹn, agbára káká ni a fi lè rí ẹni tó jẹ ìrora náà dópin bí òun.

Láàárín 1885 sí 1886 ló kọ́kọ́ fi ọ̀dà yà á. Betzy Nielsen, ọmọ ọdún 11, jókòó fún un bí Sophie. Karen ṣe obìnrin tó tẹrí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Munch ń kùn, ó ń ha á kúrò, ó tún ń kùn. Nígbà tó gbé e síta ní 1886, ẹ̀gàn ló fi gbà.

Ní Berlin, 1894, ó fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán náà sára bàbà. Etí ojú ìlà tí abẹ́rẹ́ hú sókè ló ń mú tàdáwà, ìdí nìyẹn tí ìlà fi máa ń rọ̀ bí irun. Ní Paris, ó wá bọ́ sórí òkúta: ẹ fi ohun ọlọ́ràá yàwòrán, ẹ da omi sí i, tàdáwà á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, omi á lé e kúrò níyòókù. Ó yọ Karen àti yàrá kúrò, ó ku orí nìkan. Paul Herrmann, ayàwòrán tó wà níbẹ̀, ròyìn pé Munch dijú, ó ń nawọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó ń pe àwọ̀ tí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àwòrán náà ti pé. Àwọn ti ọ̀dà ń wá ọ̀nà débẹ̀ ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló fi ọ̀dà yà á títí di 1927. Ìjọba Násì ti Jámánì kó ọ̀kan kúrò ní Dresden, ó sì wà ní ilé àkójọ àwòrán Tate ní London báyìí. Munch kú ní 1944, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú Oslo, tó ṣí ilé àkójọ rẹ̀ ní 1963, tó sì kó o lọ sí ilé tuntun ní 2021.