Anna May Wong

Anna May Wong (ọjọ́ 3 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1905 sí ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1961) jẹ́ òṣèrébìnrin ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Ṣáínà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Ṣáínà tó wà ní Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí sinimá. Nígbà tí sinimá kò tíì ní ohùn ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ṣe é bọ́ sí ìgbà olóhùn, ó ṣeré lórí ìtàgé, ó sì dé orí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn eré tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀ jù ni The Toll of the Sea (1922), The Thief of Bagdad (1924), Piccadilly (1929) àti Shanghai Express (1932). Ẹrúbìnrin, ọ̀dàlẹ̀ tàbí olólùfẹ́ tí ọkùnrin já sílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe, bẹ́ẹ̀ ni nínú ọ̀pọ̀ wọn, eré kì í parí kó má kú.

Ìgbà èwe

Wong Liu Tsong ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Flower Street ní Los Angeles, tí kò jìnnà sí àdúgbò àwọn ará Ṣáínà, ni wọ́n bí i sí. Alágbàfọ̀ ni bàbá rẹ̀, Wong Sam Sing. Ìyá rẹ̀, Lee Gon Toy, ni ìyàwó kejì tí bàbá náà fẹ́, Anna sì ni ìkejì nínú ọmọ méje tí obìnrin náà bí. Iṣẹ́ àgbàfọ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Ṣáínà ní Kalifọ́níà láyé ìgbà náà, torí iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe tí ẹnikẹ́ni kò ní dí wọn lọ́wọ́ kò pọ̀. Láti ọdún 1882 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣòfin pé kí àwọn lébìrà ará Ṣáínà má wọ ìlú mọ́, ọdún 1943 ni wọ́n tó fagi lé e. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí bàbá Anna fúnra rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ọmọ sí. Síbẹ̀, bí Anna bá fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, ó ní láti kọ́kọ́ gba ìwé tí wọn yóò fi jẹ́ kó padà wọlé. Kódà lẹ́yìn tó di gbajúmọ̀, ó ṣì ń gba ìwé yìí.

Ní ilé ìwé ìjọba tó kọ́kọ́ lọ, àwọn ọmọ òyìnbó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé àwọn òbí rẹ̀ mú un kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé ìwé tí ìjọ Presbyterian dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Ṣáínà. Lásìkò yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ sinimá ń kó kúrò ní New York bọ̀ wá sí Kalifọ́níà, ojú títì àdúgbò Anna sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń ya eré. Ọmọ náà a sá kúrò nílé ìwé lọ wò wọ́n. Owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ló fi ń wọlé wo sinimá. Ìbéèrè tó máa ń bi àwọn tó ń ya àwòrán pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní ọmọ Ṣáínà olófìn-íntótó. Kò ju ọmọ ọdún 11 lọ tó ti yan Anna May Wong ní orúkọ tí yóò máa jẹ́ nínú eré.

Ìgbà sinimá aláìlóhùn

Lọ́dún 1919, àwọn tó ń ṣe The Red Lantern ń wá ọgọ́rọ̀ọ̀rún obìnrin tí yóò dúró bí èrò nínú eré náà. Ọ̀rẹ́ bàbá Anna kan tó mọ èèyàn nídìí sinimá bá a wọlé, bàbá kò sì mọ̀. Àtùpà ló gbé kọjá nínú eré náà, orúkọ rẹ̀ kò sì jáde. Ó fi ilé ìwé gíga sílẹ̀ ní 1921 kó lè gbájú mọ́ṣẹ́, ọdún yẹn náà ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ hàn lójú sinimá, nínú Bits of Life, níbi tó ti ṣe ìyàwó ẹni tí òṣèrékùnrin Lon Chaney kó ipa rẹ̀.

The Toll of the Sea ló sọ ọ́ di ẹni tí àwọn oníròyìn ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó kó ipa Lotus Flower, ọmọbìnrin tó rí ará Amẹ́ríkà kan tí òkun gbé dé èbúté, tó tọ́jú rẹ̀, tó sì fẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà padà sílé, ó ní òun ń bọ̀. Nígbà tó dé, ìyàwó òyìnbó ló mú wá. Lotus Flower gbé ọmọ tó bí fún un lé ìyàwó náà lọ́wọ́, ó sì wọ inú òkun lọ. Bí sinimá kò ti ní ohùn, ojú òṣèré ló ń ṣiṣẹ́ ẹnu, ohun tí àwọn tó wo eré náà sì yìn jù ni pé Anna kì í ṣe àṣejù bí ọ̀pọ̀ òṣèré ìgbà náà: ìbànújẹ́ á kàn rọra wọ ojú rẹ̀ ni, omijé tó sì ń dà, omijé tòótọ́ ni.

Eré yìí tún ṣe pàtàkì nínú ìtàn àwọ̀ nínú sinimá, torí òun ni eré Hollywood àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ Technicolor fi ọ̀nà alálàwọ̀ méjì rẹ̀ tuntun ṣe fún gbogbo ilé sinimá. Dígí kan nínú kámẹ́rà ló ń pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ní àwòrán tirẹ̀. Wọ́n á tẹ àwòrán méjèèjì sórí fíìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, wọ́n á pa wọ́n láró, wọ́n á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ gba ẹ̀rọ pàtàkì láti fi hàn, ṣùgbọ́n èyí ṣeé fi sínú ẹ̀rọ yòówù tí ilé sinimá bá ní. Àwọ̀ ara àti aṣọ Anna jáde dáadáa. Búlúù gan-an ni ọ̀nà yìí kò lè mú jáde, ohun tó dùn wá díẹ̀ fún eré tó kún fún òkun. Fíìmù ìpilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà, àyàfi ìparí rẹ̀ tó sọnù. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 1985, wọ́n wá kámẹ́rà alálàwọ̀ méjì àtijọ́, wọ́n sì lọ ya òkun tuntun tí wọ́n fi rọ́pò èyí tó sọnù.

Lẹ́yìn èyí ni Douglas Fairbanks, tó wà lára àwọn òṣèrékùnrin tó lórúkọ jù láyé ìgbà náà, mú un sínú The Thief of Bagdad. Ẹrúbìnrin ará Mongolia tó ń ṣe amí ni ipa rẹ̀, kò sì gba àkókò púpọ̀ nínú eré, àmọ́ eré náà lọ káàkiri ayé, ojú Anna sì bá a lọ. Lọ́dún 1924 kan náà ló ṣe Tiger Lily nínú Peter Pan. Ó gbìyànjú láti dá ilé iṣẹ́ sinimá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi tú ká.

Òfin tó dí i lọ́nà

Òfin Kalifọ́níà kò gbà kí òyìnbó àti ará Éṣíà fẹ́ra wọn, èyí sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1948. Àwọn ilé iṣẹ́ sinimá náà wá fohùn ṣọ̀kan ní 1927 lórí àwọn nǹkan tí wọn kò ní fi hàn mọ́, ìfẹ́ láàárín ẹ̀yà méjì sì wà lára wọn. Òfin ìwà tí wọ́n kọ ní 1930 tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹ̀tàn nìyí: òyìnbó ni wọ́n ń fi ṣe ọkùnrin tó jẹ́ olú eré, kódà bí ẹni tó ń ṣe bá jẹ́ ará Ṣáínà nínú ìtàn. Bí ọkùnrin bá ti jẹ́ òyìnbó, Anna kò lè jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀ títí dópin. Wọ́n á wá òyìnbóbìnrin, wọ́n á kun ojú rẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ di ará Ṣáínà. Nínú Mr. Wu (1927), Renée Adorée tó jẹ́ ọmọ Faransé ni wọ́n fún ní ipa ọmọbìnrin Ṣáínà tó jẹ́ olú eré, Anna sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú The Crimson City (1928), òyìnbóbìnrin mìíràn, Myrna Loy, ni.

Yúróòpù

Ní 1928, Anna àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Lulu, wọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù. Richard Eichberg darí rẹ̀ nínú Song ní Jámánì, ìlú Berlin sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó kọ́ èdè Jámánì àti Faransé.

Piccadilly, tí E. A. Dupont darí ní Lọ́ńdọ̀nù, ni sinimá aláìlóhùn tó ṣe kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ olùyẹ̀wò sì gbà pé òun ló dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Shosho ni orúkọ rẹ̀ nínú eré náà, obìnrin tó ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná ilé ijó alẹ́ kan. Ọ̀gá ilé ijó bá a níbi tó ti ń jó lójú àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn náà ló tún pè é padà láti wá jó fún àwọn oníbàárà. Gilda Gray ni orúkọ rẹ̀ wà lókè nínú ìpolówó, ṣùgbọ́n Anna ni gbogbo ènìyàn wò. Shosho mọ ohun tó fẹ́, kì í bẹ̀bẹ̀, ó sì ń dúnàá dúrà lórí aṣọ tí yóò fi jó. Òun náà kú kí eré tó parí.

Lọ́dún 1929 kan náà ló bá Laurence Olivier ṣe The Circle of Chalk lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn olùyẹ̀wò Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ràn bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ará Kalifọ́níà, ni ó bá sanwó fún olùkọ́ tó tún ahọ́n rẹ̀ ṣe. Eré olóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1930 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Faransé, ohùn rẹ̀ ló sì fi sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìpadàbọ̀ sí Amẹ́ríkà

Ó padà sí New York ní 1930 láti ṣe On the Spot lórí ìtàgé Broadway, eré tí wọ́n ṣe ní ìgbà 167. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ọkọ̀ pa ìyá rẹ̀ níwájú ilé wọn. Ilé iṣẹ́ Paramount gbà á síṣẹ́ lẹ́yìn náà. Nínú Daughter of the Dragon (1931), òun ló kó ipa ọmọbìnrin tí wọ́n fi sọ eré lórúkọ, síbẹ̀ 6,000 dọ́là ni wọ́n san fún un, wọ́n sì fún Warner Oland, òyìnbó tó ṣe bàbá rẹ̀ tí kò sì pẹ́ nínú eré, ní 12,000. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló bá Marlene Dietrich ṣe Shanghai Express. Àwọn ìwé ìròyìn Ṣáínà bínú sí i pé ó ń ba orúkọ ìran wọn jẹ́. Òun náà kò dákẹ́: nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ní 1933, ó bi àwọn oníṣẹ́ sinimá ìdí tó fi jẹ́ pé ìkà àti apànìyàn ni wọ́n ń fi ará Ṣáínà ṣe nígbà gbogbo.

Èyí tó dùn ún jù ni ti The Good Earth. Ilé iṣẹ́ MGM fẹ́ fi ìwé ìtàn nípa àwọn àgbẹ̀ Ṣáínà yìí ṣe sinimá, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé Anna ni yóò ṣe O-Lan, ìyá ilé. Paul Muni, tó jẹ́ òyìnbó, ni wọ́n fi ṣe ọkọ; ọ̀rọ̀ Anna parí níbẹ̀. Lotus, àlè tó da ilé rú, ni wọ́n wá fi lọ̀ ọ́, ó sì kọ̀ ọ́. Luise Rainer ló ṣe O-Lan, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar.

Dípò kó dúró wo èyí, Anna lọ sí Ṣáínà ní 1936, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ àwọn bàbá ńlá rẹ̀. Ó mú kámẹ́rà dání, ó sì dé abúlé bàbá rẹ̀ ní agbègbè Taishan, níbi tí bàbá náà ti padà lọ gbé. Nígbà tó padà dé Amẹ́ríkà, Paramount fún un ní ipa tó sàn díẹ̀: nínú Daughter of Shanghai (1937), òun ni olú eré, Philip Ahn tó jẹ́ ọmọ Korea ni olólùfẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà láàyè títí eré fi parí. Nínú King of Chinatown (1939), dókítà oníṣẹ́ abẹ ni.

Nígbà tí Japan ń bá Ṣáínà jagun, ó fi gbogbo owó tó gbà lórí Bombs Over Burma àti Lady from Chungking, tó ṣe ní 1942, ran àwọn tí ogun ń jà ní Ṣáínà lọ́wọ́.

Ọjọ́ ìkẹyìn

Lọ́dún 1951, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n DuMont ṣe The Gallery of Madame Liu-Tsong, níbi tó ti jẹ́ oníṣòwò iṣẹ́ ọnà tó ń tọpa ọ̀daràn. Òun ni ètò tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí ọmọ Éṣíà jẹ́ olú òṣèré rẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta tó fi parí, kò sì sí ẹ̀dà kankan tí a mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù. Àìsàn ẹ̀dọ̀ bá a jà láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 1960 ló ṣe Portrait in Black, ọdún náà ni wọ́n sì tẹ́ ìràwọ̀ orúkọ rẹ̀ sí ojú ọ̀nà àwọn gbajúmọ̀ ní Hollywood. Àrùn ọkàn pa á nínú oorun ní ilé rẹ̀ ní Santa Monica, lọ́mọ ọdún 56. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Ibojì ìyá rẹ̀ ní Los Angeles ni wọ́n kó eérú rẹ̀ sí.

Ilé iṣẹ́ British Film Institute tún Piccadilly ṣe, wọ́n sì fi í hàn ní New York ní 2003, láti ìgbà náà ni ìwé nípa ayé rẹ̀ ti ń jáde. Lọ́dún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán rẹ̀ sára owó ẹyọ sẹ́ńtì 25, ọmọ Éṣíà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí ojú rẹ̀ yóò wà lára owó ìlú náà.