Ẹ má fi òróró pa àpò awọ àtijọ́

Bí awọ bá ti gbẹ, òrí tàbí àdí la ó sáré wá kàn. Fún bàtà tí à ń wọ̀ lójoojúmọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àpò àtijọ́ láti ibùdó òwò awọ ẹran ní àríwá Amẹ́ríkà ni, irú èyí tí wọ́n ń ná ní Fort Union létí odò Missouri láàárín ọdún 1828 sí 1867, òróró yẹn gan-an ló máa bà á jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Láyé ìjọ́un, wọ́n máa ń da ásẹ́níìkì tàbí oògùn oní-mákúrì sí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nítorí kòkòrò, oró rẹ̀ kì í sì í tán lára awọ.

Oríṣi awọ méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni tàwọn obìnrin ẹ̀yà bí Assiniboine àti Crow: wọ́n á họ ẹran àti irun kúrò lára awọ àgbọ̀nrín, wọ́n á fi ọpọlọ ẹran pa á, wọ́n á máa fà á, wọ́n á máa rún un títí yóò fi gbẹ, wọ́n á wá gbé e kọ́ sórí èéfín. Èéfín yẹn ni kì í jẹ́ kó gan bí omi bá kàn án. Ojú méjèèjì rẹ̀ rí bí aṣọ àrán, òórùn èéfín sì lè wà lára rẹ̀ títí dòní. Èkejì ni awọ tí wọ́n rẹ sínú omi èèpo igi, tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣe àpò tí wọ́n ń so mọ́ gàárì ẹṣin. Ojú kan rẹ̀ jọ̀lọ̀, èkejì kò jọ̀lọ̀.

Ẹ wo ìdí bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ idẹ ara rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí ohun kan tó ki bí ìda, tó ní àwọ̀ ewé, ọ̀rá inú awọ ló ń jẹ idẹ. Òróró tí ẹ bá tún fi kún un, oúnjẹ ló jẹ́ fún un. Igi ìtayín ni kí ẹ fi họ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, ní gbígbẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí ńkọ́? (Ìlú Fẹ́nísì ní Ítálì tó ń kó ìlẹ̀kẹ̀ wá sí etíkun tiwa náà ló ń kó o ránṣẹ́ sí wọn.) Bó bá ń làágùn, tó ń lẹ̀ mọ́wọ́, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọ̀rinrin ló ń yọ iyọ̀ inú dígí síta.

Awọ èèpo igi ní àrùn tirẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án tí lẹ́búlẹ́bú pupa bí osùn lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́, gáàsì inú afẹ́fẹ́ ìlú ti jẹ ẹ́ dénú, kò sì ṣeé dá padà. Bí omi bá kán sí i, ojú ibẹ̀ á dúdú, á le gbagidi. Ẹ fi bébà tí kò ní ásíìdì wé e, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Èyí tí ara rẹ̀ bá ṣì le, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Ẹ ki bébà bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ má fi okùn rẹ̀ kọ́. Kí ọ̀rinrin yàrá wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kò sì làágùn, ẹ fi láílọ́ọ̀nù dì í pinpin, kó lo ọ̀sẹ̀ kan nínú fíríìsà tó tutù dé ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ dúró fún wákàtí 24 kí ẹ tó tú u, kí omi tó máa ń sẹ̀ sára nǹkan tútù lè mọ sára láílọ́ọ̀nù, kó má dé ara awọ.