Ẹjọ́ ọ̀pá ọjọ́ Àìkú: Irving Baxter àti àwọn tí wọn ò pè

Nínú àkọsílẹ̀ ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1900 ní Paris, Irving Baxter, ọmọ Utica ní ìpínlẹ̀ New York, ló gba ipò kìíní nínú fífi ọ̀pá fò. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni nígbà náà ní Yunifásítì Pennsylvania. Mítà 3.30 ló fò. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín nítorí pé Armand Duplantis fo 6.30 ní Tokyo lọ́dún 2025. Igi líle ni ọ̀pá ayé ìgbà yẹn, kì í tẹ̀ kó tún ta ènìyàn sókè bíi ti òde òní. Kò sì sí tìmùtìmù gíga tí wọ́n máa já lé. Ẹni tó bá fò ní láti ronú bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe máa kanlẹ̀.

Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà, ohun mìíràn ló gbà mí lọ́kàn. Àwọn wo ni kò sí níbẹ̀?

Charles Dvorak, Daniel Horton àti Bascom Johnson ni, ọmọ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn. Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Keje, ni àwọn aláṣẹ fi ìdíje náà sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí ọmọ wọn ṣeré lọ́jọ́ Olúwa. Wọ́n sọ fún àwọn mẹ́ta yìí pé fífi ọ̀pá fò kò ní wáyé lọ́jọ́ náà mọ́, ni wọ́n bá lọ. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni àwọn aláṣẹ yí ohùn padà. Baxter ṣẹ̀ṣẹ̀ borí nínú fífò sókè lásán ni, mítà 1.90, kò sì tíì kúrò lórí pápá. Wọ́n ní kó wá díje, ó gbé ọ̀pá. Meredith Colket, tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Pennsylvania, ló ṣe ìkejì pẹ̀lú 3.25.

Àwọn oníbàárà mi máa ń bi mí pé: “Lọ́yà, ẹni tó jàre kò mọ̀ pé wọn ò pè mí, ṣé wọ́n tún lè gba ìdájọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?” Ní kóòtù wa ní Nàìjíríà, wọ́n lè gbà á. Bí wọn kò bá fún ẹnì kan ní ìwé tó sọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, tí wọ́n sì dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, ó lè bẹ kóòtù pé kí wọ́n wọ́gi lé ìdájọ́ yẹn, kí wọ́n tún un gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mímọ́ olùborí kò di àlàfo náà. Àwọn àgbà ti pe agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ní òṣìkà tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tètè dìde o: ẹni tó gbọ́ ìdájọ́ tó sì jókòó tẹtẹrẹ, adájọ́ máa bi í léèrè ohun tó ń ṣe látọjọ́ yìí.

Ní Paris, ìdíje mìíràn ni wọ́n ṣètò fún àwọn tó pàdánù. Wọ́n fò, ṣùgbọ́n oyè Baxter dúró. Lójú tèmi, ìyẹn ni wọ́n fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, kì í ṣe àtúnṣe. Ká má purọ́ mọ́ Baxter ṣá: eléré gidi ni. Ó tún gba fàdákà mẹ́ta nínú fífò láìsáré, Ray Ewry nìkan ló ń borí rẹ̀.

Dvorak padà gba góòlù tirẹ̀ ní St. Louis lọ́dún 1904. Baxter lọ ṣe lọ́yà ní Utica. Johnson náà di lọ́yà, iṣẹ́ tirẹ̀ ló sì jọ mí lójú jù: òun ló darí ìwádìí tí Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè (League of Nations, ẹgbẹ́ tó ṣáájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, UN) ṣe láàárín ọdún 1924 sí 1927 nípa àwọn tó ń kó obìnrin àti ọmọdé láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fún iṣẹ́ aṣẹ́wó.