Ọ̀dà Tuntun, Iná Tó Ń Ṣìwà-hù: Ọ̀rọ̀ Ẹ́ẹ̀tì Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́

Wọ́n tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe tán, wọ́n kùn ún lọ́dà, wáyà tuntun ni gbogbo rẹ̀. Kí ló dé tí iná ẹ̀yìn tún ń ṣẹ́jú bí tráfíkétọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́?

Ọ̀dà tuntun yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Wáyà ló ń gbé iná lọ bá gílóòbù, ṣùgbọ́n irin bọ́dì ló ń gbà padà sí bátìrì. Ibi tí wọ́n ti so nǹkan mọ́ irin yẹn là ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá, ìpẹtà náà sì ń dínà fún un. Bí ọ̀nà ìpadà bá dí, iná á gba inú gílóòbù kejì tí wọ́n jọ wà nínú ilé kan náà. Ìdí nìyẹn tí iná ẹ̀yìn fi ń bá tráfíkétọ̀ ṣẹ́jú, tí ó sì lè wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ búréèkì. Bí géèjì epo àti ti ooru bá jọ ń parọ́, ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ wo ẹ́ẹ̀tì dáṣíbọ́ọ̀dù ná.

Báwo la ṣe ń ṣe é kó dáa?

Ẹ ha ọ̀dà kúrò títí irin funfun á fi hàn, kó má fẹ̀ ju ẹnu tẹ́mínà (irin orí wáyà) lọ. Ẹ fi wọ́ṣà eléyín sáàárín tẹ́mínà àti irin, kí ẹ fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè é le. Ìgbà tó bá le tán ni kí ẹ tó fi gíríìsì tàbí ọ̀dà bo ojú rẹ̀ kó má baà dípẹtà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kùn ún tó wá dè é ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dínà. Síkúrúù tí wọ́n kàn wé mọ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò tó.

Sítátà ń yí wọ́ọ́rọ́, okùn ṣóòkù (èyí tí à ń fà kí ẹ́ńjìn tútù lè jí) sì ń gbóná. Ṣé bátìrì ni?

Rárá o. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìn jókòó lé, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Sítátà lè fa iná tó ju 100 amp lọ. Bí wọ́n bá gbàgbé láti dá wáyà ẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìn padà lẹ́yìn kíkùn, okùn ṣóòkù tàbí ti kílọ́ọ̀ṣì ni gbogbo iná yẹn á gbà, á sì yọ́ ọ̀rá ara wọn. Wáyà tó nípọn bíi ti bátìrì ni kí ẹ fi so ẹ́ńjìn tàbí gíábọ́ọ̀sì mọ́ ṣaasí (férémù irin abẹ́ ọkọ̀). Bí bọ́dì bá dá dúró sórí ṣaasí, òun náà nílò tirẹ̀.

Mítà ní ohm 0 (ìyẹn ni pé kò sí ìdínà) ni ẹ́ẹ̀tì náà. Kí ló tún kù?

Ohm ń tanni. Iná tín-ín-rín ni mítà fi ń wò ó, fọ́nrán wáyà kan ṣoṣo tí kò tíì já sì tó fún un. Volt ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì kí ẹ́ńjìn má baà jí. Ẹ fi ẹnu mítà kan kan orí bátìrì tó so mọ́ bọ́dì (orí òjé fúnra rẹ̀, kì í ṣe irin tó dì í mú), kí èkejì wà lára irin ẹ́ńjìn, kí ẹnì kan wá yí sítátà. Bó bá ju 0.5 volt lọ, ẹ́ẹ̀tì yẹn kò dáa. Ti gílóòbù kò yẹ kó ju 0.1 sí 0.2 lọ nígbà tí iná bá wà ní títàn. Ẹ máa sún ẹnu mítà kejì bọ̀ lápá bátìrì díẹ̀díẹ̀. Ibi tí nọ́ńbà bá ti já wálẹ̀ lójijì, àárín ibẹ̀ àti ibi tí ẹ ti kúrò ni àìsàn náà wà.

Ṣé orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì ló máa ń so mọ́ bọ́dì nígbà gbogbo?

Ó tì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di àwọn ọdún 1960 ń so pọ́sítíìfù mọ́ bọ́dì. Ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó gbé bátìrì sí i, torí bí wọ́n bá gbé e sódì, rédíò àti ọtanétọ̀ lè jóná lójú ẹsẹ̀. Èyí tí bọ́dì rẹ̀ bá sì jẹ́ fáíbà ńkọ́? Iná kò lè gba ara rẹ̀ padà rárá. Gílóòbù kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ní wáyà ìpadà tirẹ̀.